Synanon: Ẹni Tí A Ní Kó Kín Ni Lẹ́yìn

Bí ọdún 2028 bá dé, yóò pé 70 ọdún tí Charles Dederich dá Synanon sílẹ̀ létíkun Santa Monica, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn kan náà ni yóò pé 50 ọdún tí ọmọ ẹgbẹ́ Synanon méjì ju ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà agbẹjọ́rò kan tó pe ẹgbẹ́ wọn lẹ́jọ́. Ogún ọdún péré ló wà láàrin ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹni tí gbogbo ayé ti pa tì ni ẹgbẹ́ náà ń fà yọ lẹ́nu ikú. Nígbà kejì, ẹni tó sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò dára ni wọ́n fẹ́ rán lọ sọ́run.

Yorùbá ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kì í hù látẹ́lẹwọ́ ẹni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó yẹ ká tọpasẹ̀ bó ṣe hù ní Synanon, nítorí pé ìbáwí gan-an ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí kí èèyàn sọ òtítọ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀ lójúkojú ni kò wá lè gba òtítọ́ lẹ́nu ará ìta.

Àìní tó bí i: 1958

Ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí Dederich ní 1913. Ọtí ba ayé rẹ̀ jẹ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ohio kan náà ní 1935. Ibẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ ọtí.

Ṣùgbọ́n ọtí nìkan ni ẹgbẹ́ yẹn dá lé. Ẹni tí heróìnì ti di bárakú fún kò ní ibi tó lè forí lé nígbà náà. Ọ̀daràn ni ó jẹ́ lójú ọlọ́pàá, ọ̀pọ̀ dókítà sì gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe. Bí kò bá kú sójú pópó, ẹ̀wọ̀n ni yóò máa wọ̀, tí yóò máa jáde. Àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó ti Dederich, nítorí pé ohùn rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kò sì lé wọn.

Ní 1958, òun pàápàá kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìtàn tí ẹgbẹ́ náà máa ń sọ ni pé owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ tí ìjọba fún un, dọ́là 33, ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ocean Park, ní Santa Monica. Wọ́n ní ẹnu ọ̀kan lára àwọn tó ń wá síbẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde: ó fẹ́ pe "symposium", ó tún fẹ́ pe "seminar", ahọ́n rẹ̀ sì kọsẹ̀, ló bá di Synanon.

Òfin méjì ló gbé ilé náà ró. Àkọ́kọ́, ọtí àti oògùn olóró kò gbọ́dọ̀ wọlé. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na ẹlòmíì tàbí kó halẹ̀ mọ́ ọn pé òun yóò nà án. Ẹ jẹ́ ká fi òfin kejì yìí sọ́kàn.

Eré tó ń wo àìsàn

Oògùn tí Synanon ní kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Wọ́n ń pè é ní Eré. Èèyàn bíi mẹ́wàá yóò jókòó yípo, wọn yóò sì dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹnì kan. Wọn yóò bú u, wọn yóò tú àṣírí irọ́ tó ń pa fún ara rẹ̀, wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi sunkún tàbí títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ á kan ẹlòmíì. Bí Eré bá ti parí, ìbínú parí nìyẹn. Ẹni tó fọ abọ́ láàárọ̀ lè bú ọ̀gá ilé ìdáná ní alẹ́, kí wọ́n sì jọ jẹun lọ́jọ́ kejì.

Ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀ tí ọmọ Yorùbá lè tètè mọ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń fi orin bú olówó àti olóyè lóru, ilẹ̀ á sì mọ́ láìsí ẹni tí yóò mú un. Ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ìlú tó fún ọ̀kọrin láyè mọ̀ pé ohun tí wọn kò bá sọ síta máa ń jẹrà nínú. Dederich pàápàá máa ń jókòó sínú Eré láyé àtijọ́, àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ lójú.

Ọ̀nà náà mú èso wá. Àwọn tó ti lo heróìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún dúró láìlò ó. Joe Pass, onígìtá jáàsì tó di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà, gbé níbẹ̀. Òun àti àwọn olórin mìíràn tó wà nínú ilé náà jọ ṣe àwo orin *Sounds of Synanon* ní 1962.

Ìjà aládùúgbò, ìyìn gbogbo ayé: 1959 sí 1967

Ní 1959, wọ́n kó lọ sínú ilé ológun àtijọ́ kan létíkun. Àwọn aládùúgbò fárí gá. Wọn kò fẹ́ kí àwọn tó ti lo oògùn olóró máa gbé nítòsí ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ́ rí i kí èèyàn dúdú àti funfun máa gbé inú ilé kan náà. Àwọn aláṣẹ ìlú gbé Dederich lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin ìlò ilẹ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ díẹ̀ jura ní 1961.

Ó yẹ ká sọ ọ́ gbangba pé nígbà yẹn, Synanon ni wọ́n ń jẹ níyà. Ìpọ́njú àárọ̀ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbà títí ayé pé ẹni tó bá bá àwọn wí, ọ̀tá ni. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ti fìyà jẹ rí máa ń rántí rẹ̀ pẹ́. Ohun tó ṣòro fún un ni láti mọ ìgbà tí agbára ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá tó ti bọ́ sọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ìyìn náà kò pẹ́ kó tó dé. Ìwé ìròyìn *Life* gbé àwòrán wọn jáde ní 1962. Lọ́dún yẹn náà ni Sẹ́nétọ̀ Thomas Dodd yìn wọ́n nílé aṣòfin àgbà. Ní 1965, iléeṣẹ́ Columbia ṣe fíìmù kan tí orúkọ ẹgbẹ́ náà jẹ́ àkọlé rẹ̀. Ní 1963, Dederich gbé Betty Coleman níyàwó, obìnrin dúdú kan tí òun náà ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró nínú ilé náà. Ìpínlẹ̀ tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣì ń fi òfin de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 1967 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó fòpin sí òfin wọ̀nyẹn. Betty di ìyá fún gbogbo ilé, ẹni tó lè bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ọkọ yóò gbọ́.

Ilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọ́n ra ilẹ̀ ní Marin County, lẹ́bàá Tomales Bay. Ní 1967, wọ́n ra hótẹ́ẹ̀lì ńlá Casa del Mar ní Santa Monica. Wọ́n ní ilé epo, wọ́n sì ń ta ọjà tí àwọn iléeṣẹ́ ń kọ orúkọ wọn sí láti fi ṣe ẹ̀bùn. Àwọn olùkọ́, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò tí wọn kò lo oògùn olóró rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá nítorí Eré nìkan. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé Synanon lé ní 1,000.

Ilẹ̀kùn àbájáde tì: 1968 sí 1973

Níbẹ̀rẹ̀, ètò ilé náà ni kí ẹni tó bá ti yá padà sílé, kó lọ ṣiṣẹ́, kó sì tọ́ ọmọ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1968, Dederich pa ìyẹn tì. Ó ní ẹni tó bá jáde yóò padà sídìí heróìnì, nítorí náà kí gbogbo wọn máa gbé Synanon títí lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìyípadà yìí, ṣùgbọ́n òun ló fa gbogbo ohun tó kù. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tó bá jáde, a máa bá a yọ̀. Ní ilé tí wọn kì í ti í jáde, ẹni tó bá lọ ti di sáságun.

Eré pàápàá yí padà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣì ń gba ìbáwí, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kò sẹ́ni tó tún lè kojú Dederich. Ìbáwí wá di omi tó ń ṣàn láti òkè wálẹ̀ nìkan. Ní 1973, nínú Eré kan, Dederich fúnra rẹ̀ da ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lé obìnrin kan lórí. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ lóde. Lójú àwọn tó wà níbẹ̀, òfin kejì ti fọ́, ẹni tó ṣe é sì ni ẹni tó fọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lílu èèyàn wọlé. Àwọn ilé ẹjọ́ ń rán ọ̀dọ́ tó ya pòókíì wá sí Synanon fún àtúnṣe, wọ́n sì ń nà wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé náà ń dàgbà lọ́tọ̀, wọ́n ń kó wọn kúrò lọ́wọ́ ìyá àti bàbá láti kékeré.

Ilé ìwòsàn di ìjọ: 1974 sí 1977

Láàrin 1974 sí 1975, Synanon kéde pé ẹ̀sìn ni òun. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan gbà á tọkàntọkàn, nítorí pé ìgbé ayé wọn ti dà bí ti ilé àwọn àlùfáà tó ya ara wọn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìjọ tún ní èrè mìíràn: ó ń dáàbò bo owó lọ́wọ́ owó orí, ó sì ń jẹ́ kó ṣòro fún ìjọba láti wọlé wá béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ara èèyàn. Gbogbo wọn ti jáwọ́ nínú sìgá ṣáájú. Wọ́n fá orí, tọkùnrin tobìnrin. Ní 1977, Dederich ní kí àwọn ọkùnrin lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lè bímọ mọ́, wọ́n sì fúngun mọ́ àwọn aboyún láti ṣẹ́ oyún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, Betty kú. Ṣáájú kí ọdún náà tó parí, Dederich ní kí tọkọtaya kọ ara wọn sílẹ̀, kí kálukú mú ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ṣègbọràn. Ẹni tí kò lè ṣe é kó ẹrù rẹ̀.

Ohùn kan ṣoṣo tó lè dá Dederich dúró ti wọ ilẹ̀ lọ. Cecilia, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Jady, wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ṣì ni òfin.

Ogun pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn wí

Ohun ìjà àkọ́kọ́ tí Synanon mú ni ilé ẹjọ́. Ní 1972, *San Francisco Examiner* kọ̀wé tó fi ẹgbẹ́ náà hàn bí ẹgbẹ́ oníjìbìtì. Synanon pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ní 1976, iléeṣẹ́ Hearst tó ni ìwé ìròyìn náà san dọ́là 600,000 láti yanjú ọ̀rọ̀. Látìgbà náà, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ìwé ìròyìn. Ẹgbẹ́ náà ní agbẹjọ́rò tirẹ̀ nínú ilé, kò sì náání ohun tí ẹjọ́ yóò ná an. Ìwé ìròyìn kékeré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí *Time* kọ̀wé nípa wọn ní ìparí 1977, tí tẹlifíṣọ̀n NBC sì gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 1978, ẹjọ́ nìkan kò tó wọn mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́tà ìhàlẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ sí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ìròyìn. Wọ́n ń ra ìbọn. Wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Imperial Marines. Wọ́n ní ogun mímọ́ ni.

Àwọn tó jẹ jùlọ nínú ìyà náà ni àwọn tó ti jáde. Ní oṣù kẹsàn-án 1978, wọ́n ká ọkùnrin kan tó ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ mọ́ iwájú ilé rẹ̀ ní Berkeley, wọ́n fi igi lù ú títí agbárí rẹ̀ fi sán. Ọmọ rẹ̀ tó kù sínú Synanon ló ń gbìyànjú láti gbà padà.

Ejò tó wà nínú àpótí

Paul Morantz jẹ́ agbẹjọ́rò ní Los Angeles. Ọkùnrin kan ló wá bá a nítorí ìyàwó rẹ̀: obìnrin náà lọ wá ìtọ́jú, wọ́n mú un lọ sí Synanon, wọ́n fá orí rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó lọ. Morantz pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1978, ilé ẹjọ́ ní kí Synanon san dọ́là 300,000.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1978, Morantz ti ibi iṣẹ́ dé, ó ki ọwọ́ bọ àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ejò bù ú ṣán. Irú ejò olóró tí ìrù rẹ̀ máa ń dún bí ṣẹ́kẹ́rẹ́ láti ṣèkìlọ̀ fún èèyàn ni. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti gé ohun tó ń dún lára ìrù náà kúrò. Àwọn aládùúgbò sáré sí i, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì yè. Aládùúgbò kan ti kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ àjèjì kan tó rí sílẹ̀. Ọkọ̀ Synanon ni.

Ẹyin lohùn. Nígbà tí ọlọ́pàá tú ilé ẹgbẹ́ náà, wọ́n rí téèpù ọ̀rọ̀ tí Dederich sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní 1977. Nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ yékéyéké pé ẹ̀sìn tí àwọn ń ṣe báyìí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fín àwọn níràn, ó sì sọ̀rọ̀ nípa fífọ́ ẹsẹ̀ àwọn agbẹjọ́rò. Ẹgbẹ́ yìí fẹ́ràn láti máa gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ó gbà pé ìtàn yóò fẹ́ gbọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, èèyàn 918 kú ní Guyana lọ́wọ́ ìjọ Peoples Temple tí Jim Jones kó láti Kalifóníà. Aṣòfin Leo Ryan tó lọ ṣèwádìí wà lára àwọn tí wọ́n yìnbọn pa. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ Synanon jẹ́ ìjà láàrin aládùúgbò lásán.

Ìwé ìròyìn kékeré kan

*Point Reyes Light* jẹ́ ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kékeré ní Marin County, nítòsí ilẹ̀ Synanon. Dave Mitchell àti ìyàwó rẹ̀ Cathy ló ni ín. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá ń bẹ̀rù ẹjọ́, ṣùgbọ́n tọkọtaya yìí, pẹ̀lú Richard Ofshe, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, kọ ohun tí wọ́n rí: lílu ọmọdé, ìbọn, àti bí àwọn aláṣẹ àgbègbè ṣe ń wò ó níran. Ní 1979, ìwé ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer fún iṣẹ́ sí ará ìlú.

Synanon pè wọ́n lẹ́jọ́. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹjọ́ wọ̀nyẹn, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Kalifóníà dájọ́ ní 1984 pé akọ̀ròyìn ní ẹ̀tọ́, dé ìwọ̀n kan, láti má ṣe dárúkọ ẹni tó fún un ní ìròyìn, kódà nínú ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi di akọ̀ròyìn lẹ́nu ló di ààbò fún gbogbo akọ̀ròyìn ní ìpínlẹ̀ náà.

Ìṣubú: 1978 sí 1991

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá 1978, ọlọ́pàá mú Dederich ní Lake Havasu City, ní Arizona. Ó ti mutí yó. Ọkùnrin tó fi ìtàn bó ṣe já ọtí jù sílẹ̀ kó ọmọ èèyàn jọ ni wọ́n fi àkéte aláìsàn gbé jáde. Ní 1980, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó gbé ejò náà síbẹ̀ sọ pé àwọn kò ní jiyàn ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ láti pa Morantz. Wọ́n rán àwọn méjì náà sẹ́wọ̀n ọdún kan. Nítorí àìlera Dederich, ilé ẹjọ́ fi í sábẹ́ àmójútó fún ọdún 5, ó ní kó san dọ́là 5,000, ó sì pàṣẹ pé kó má ṣe darí Synanon mọ́.

Ẹgbẹ́ náà bá ìjọba jà lórí owó orí. Ní 1984, adájọ́ kan ní Washington lé ẹjọ́ wọn dànù nítorí pé wọ́n ti ba àwọn téèpù àti ìwé ẹ̀rí jẹ́. Gbèsè owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1991, Synanon tú ká. Dederich kú ní 1997.

Ohun tó kù lónìí

Irúgbìn rẹ̀ kò kú. Daytop Village tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1963 àti Phoenix House ti 1967 mú ọ̀nà ìtọ́jú wọn lára Synanon. John Maher, ẹni tó ti gbé Synanon rí, wà nídìí Delancey Street tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1971. Casa del Mar ti padà di hótẹ́ẹ̀lì olówó ńlá. Ní 2024, HBO gbé fíìmù ìtàn ẹgbẹ́ náà jáde, inú rẹ̀ ni àwọn tó gbé níbẹ̀ ti sọ tẹnu wọn. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń dúpẹ́ pé bí kì í bá ṣe Synanon, àwọn ì bá ti kú. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí wọ́n fọ́ lágbárí náà sọ òtítọ́.

Tèmi ni pé kì í ṣe ọjọ́ ejò ni Synanon kú. Ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó lè bá Dederich wí nínú Eré mọ́ ni àìsàn náà ti wọlé, ọjọ́ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àbájáde ni ó di àìwòsàn. Ẹgbẹ́ tí ọ̀kọrin rẹ̀ kò lè bú ọba mọ́ nínú ilé yóò máa wá ọ̀kọrin tí yóò pa lóde. Kò sì sí ẹ̀sìn, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ tí èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí, bó ti wù kí iṣẹ́ rere rẹ̀ pọ̀ tó.

Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ fi ọkàn rẹ, owó rẹ tàbí ọmọ rẹ lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, má ṣe gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ nìkan. Wá ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ lọ. Bi í bóyá wọ́n jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà, àti bóyá ó lè sọ ohun tó rí níbẹ̀ kó sì sùn dáadáa ní alẹ́. Bí ó bá kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dá ọ lóhùn, tètè máa lọ sílé.